Bírítéènì ń pa fóònù oníwáyà: ẹ yẹ ohun tó so mọ́ tiyín wò

Ọjọ́ 31, oṣù Kínní, ọdún 2027 ni wọ́n dá fún un. Lọ́jọ́ náà, ètò tẹlifóònù àtijọ́ tó ń gba orí wáyà bàbà kọjá ní ilẹ̀ Bírítéènì yóò dákẹ́. Ọ́fíìsì, ṣọ́ọ̀bù, ilé ìwòsàn, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí, ilé ìtọ́jú àgbàlagbà: ẹnikẹ́ni tó bá ṣì wà lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti kó lọ sórí fóònù tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá kó tó di ọjọ́ yẹn.

Mo ń kọ èyí nítorí àwọn tiwa tó ń ṣòwò níbẹ̀. Láti Peckham dé Old Kent Road ní Lọ́ńdọ̀nù, láti Woolwich dé Manchester, àwọn ọmọ Yorùbá tó ní iṣẹ́ tiwọn pọ̀: ẹni tó ń ta gàrí àti èlùbọ́, onídìrí, agbẹjọ́rò, oníṣirò owó, ẹni tó dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ tó ń rán olùtọ́jú lọ sílé àwọn arúgbó. Lẹ́tà ti ń wọlé sí wọn. Àwọn tó ń ta fóònù ti ń kanlẹ̀kùn, wọ́n ń sọ pé pààrọ̀ fóònù lásán ni, pé kò ní gba àkókò kankan. Òótọ́ ni pé fóònù fúnra rẹ̀ rọrùn láti pààrọ̀. Ohun tó ń já mi láyà ni àwọn nǹkan mìíràn tí wọ́n ti so mọ́ wáyà kan náà láti bí ogún ọdún sẹ́yìn, tí ẹni tó so wọ́n ti kúrò níbẹ̀, tí ẹni tó ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù kò sì mọ̀ pé wọ́n wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo wáyà náà. Wáyà bàbà méjì tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lọ́ mọ́ra ni. Ó kúrò lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó wọlẹ̀ tàbí ó gun òpó, títí tó fi dé ilé ẹ̀rọ ńlá kan ládùúgbò, èyí tí wọ́n ń pè ní exchange. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń so ìpè kan mọ́ èkejì. Ṣùgbọ́n ohùn nìkan kọ́ ni wáyà yẹn ń gbé. Ó ń gbé iná pẹ̀lú. Nǹkan bíi 50 volt ni exchange ń rán jáde sórí wáyà, bátìrì ńláńlá àti jẹnẹrétọ̀ sì wà níbẹ̀ tó ń dúró de ìgbà tí iná ìlú bá lọ. Ìdí nìyẹn tí fóònù àtijọ́, èyí tí a kì í kì bọ iná ògiri, fi ń dún nígbà tí gbogbo àdúgbò bá ṣókùnkùn. Àwa tí a dàgbà sí Nàìjíríà mọ iyì kí nǹkan má gbára lé iná ìjọba. Àwọn ará Bírítéènì ti ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ láti ìgbà tó ti pẹ́ láìfi bẹ́ẹ̀ kíyè sí i, òun sì ni wọ́n ń gbé sílẹ̀ báyìí.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń pa á? Ogbó ni. System X, ẹ̀rọ exchange oníkọ̀ǹpútà tí àwọn ará Bírítéènì ṣe fúnra wọn, 1980 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ẹ̀yà ara rẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n, àwọn ẹnjiníà tó mọ̀ ọ́n tún ṣe sì ń fẹ̀yìn tì. ISDN, tí àwọn iléeṣẹ́ tó ń gba ìpè púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ń lò, tí èyí tó tóbi nínú rẹ̀ lè gbé ìpè 30 papọ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni nínú ọjọ́ orí, wọ́n sì jọ ń lọ ni. Estonia àti Netherlands ti parí tiwọn. Jámánì náà ti kó àwọn oníbàárà rẹ̀ kúrò lórí ètò àtijọ́. Láti ọjọ́ 5, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2023 ni Openreach, iléeṣẹ́ tó ni ọ̀pọ̀ jù lọ wáyà náà, ti dáwọ́ títa rẹ̀ fún ẹni tuntun dúró jákèjádò Bírítéènì. Nítorí náà, èmi kò lòdì sí pípa á. Ohun tí yóò kú, ó sàn ká mọ ọjọ́ tó máa kú.

Àwa ti rí èyí tí kò ní ọjọ́ rí. 1985 ni ìjọba Nàìjíríà dá NITEL sílẹ̀. Ní Èkó àti Ìbàdàn nígbà náà, ẹni tó bá ní fóònù nílé, ẹni ńlá ni. Ará àdúgbò a wá jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ láti dúró de ìpè ọmọ wọn tó wà lókè òkun. Nígbà tí GSM dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, gbogbo wáyà fóònù tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà kò tó mílíọ̀nù kan, ènìyàn ibẹ̀ sì ti ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù lọ. Kò sí ẹni tó dá ọjọ́ fún ikú NITEL. Ó dákẹ́ ní òpópónà kan, ó dákẹ́ ní òmíràn, àwọn oníṣòwò ra SIM, wọ́n ní kí oníkíkùn tún nọ́ńbà ara pátákó kọ. Ohun kan bá a lọ tí a kì í sábà sọ: nọ́ńbà iléeṣẹ́ di nọ́ńbà ènìyàn. Títí di òní, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ní Èkó ló jẹ́ pé nọ́ńbà tí àwọn oníbàárà ń pè, inú àpò ọmọ iṣẹ́ kan ló wà. Ọjọ́ tí ọmọ náà bá bínú kúrò, ó kó oníbàárà lọ. Kò jí ohunkóhun o. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi forúkọ SIM sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ta ni ìpè máa dé ọwọ́ rẹ̀ yìí ti pẹ́ nínú iṣẹ́ tẹlifóònù. Almon Strowger, ọkùnrin kan tó ń ṣètò ìsìnkú ní Kansas City ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n sọ pé ó fura sí obìnrin tó ń so ìpè pọ̀ nílùú náà pé ó ń darí àwọn tó ń pe òun lọ sọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n jọ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ìyẹn ló mú un ronú kan ẹ̀rọ tí yóò máa so ìpè fúnra rẹ̀ láìsí ẹni láàárín, ó sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1891. Irú ẹ̀rọ rẹ̀ yẹn wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Bírítéènì títí di àárín àwọn ọdún 1990. Oníṣòwò tó ń jà fún ìpè rẹ̀ ló bí i.

Kí wá ni cloud tí gbogbo ènìyàn ń pariwo rẹ̀? Ẹ ronú nípa ìpè WhatsApp. Ohùn yín kì í gba orí wáyà fóònù. Wọ́n gé e wẹ́wẹ́, wọ́n dì í ní ẹrù kéékèèké, nǹkan bí àádọ́ta ẹrù láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, íntánẹ́ẹ̀tì sì kó wọn lọ, wọ́n tò wọ́n padà ní òdìkejì. Fóònù cloud kò yàtọ̀ sí èyí púpọ̀, àfi pé nọ́ńbà gidi ló ní, irú 020 ti Lọ́ńdọ̀nù tí ẹnikẹ́ni lè fi fóònù èyíkéyìí pè. Ẹ̀rọ tó ń pín ìpè, èyí tó máa ń wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn ọ́fíìsì tẹ́lẹ̀, ti di ètò kọ̀ǹpútà tó wà nílé ẹ̀rọ ẹlòmíràn ní ibi jíjìn, tí ẹ ń san owó lé lórí lóṣooṣù. Nọ́ńbà kan náà lè dún lórí tábìlì, lórí kọ̀ǹpútà, àti lórí áàpù nínú fóònù ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìpè kan kì í gbà ju nǹkan bí 100 kilobit láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, ìyẹn ni pé íntánẹ́ẹ̀tì tó lè gbé fídíò lásán lè gbé ọ̀pọ̀ ìpè papọ̀. Bí ohùn bá ń já tàbí tó ń dà bí ohùn ẹni tó wà nínú kànga, kì í ṣe pé íntánẹ́ẹ̀tì kéré ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹrù ohùn ni kò dé déédéé, nítorí pé ẹlòmíràn ń gba fídíò ńlá sílẹ̀ lórí ráútà kan náà. Ẹni tó bá mọ ráútà tò lè ní kí ó jẹ́ kí ohùn máa kọjá ṣáájú gbogbo ohun tó kù. Ẹ bi ẹni tó bá wá fi í síbẹ̀ bóyá ó ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Èrè rẹ̀ kò kéré fún àwa tí ẹsẹ̀ wa wà nílùú méjì. Agbẹjọ́rò tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè ní akọ̀wé ní Ìbàdàn tó ń dáhùn nọ́ńbà 020 lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kí ẹni tó pè má sì mọ̀ pé òkun wà láàárín. Àwọn kan ti ń ṣe é, iṣẹ́ gidi ló sì ń dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wa nílé. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024. Wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lẹ́bàá Abidjan lọ́jọ́ kan náà, báńkì àti íntánẹ́ẹ̀tì sì dojú rú láti Ghana dé Nàìjíríà. Iléeṣẹ́ tó bá fi gbogbo ìpè rẹ̀ sí Ìbàdàn nìkan, tí kò ní kí wọ́n yí ìpè sí fóònù ọwọ́ ẹnì kan ní Lọ́ńdọ̀nù bí Ìbàdàn kò bá dáhùn, odi ni irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ máa sọ ọ́ dà. Ìlà kan péré ni nínú ètò náà, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ kì í fi í síbẹ̀.

Nísinsìnyí, àwọn arúgbó.

Ní Bírítéènì, iye àwọn tó ń lo ohun tí wọ́n ń pè ní telecare súnmọ́ mílíọ̀nù méjì. Bọ́tìnnì kan ni tí wọ́n ń fi kọ́rùn tàbí so mọ́ ọwọ́, àpótí kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù. Bí màmá kan bá ṣubú ní balùwẹ̀, wọn á tẹ bọ́tìnnì, àpótí náà á pe ibi tí àwọn ènìyàn ti ń dúró tọ̀sán tòru, wọ́n á sì rán ẹni lọ. Ọ̀pọ̀ àpótí yìí, wáyà bàbà ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Wọ́n máa ń fi ìró bá ibùdó náà sọ̀rọ̀, fíín, fíín, fíín, kí ibùdó lè mọ ilé tó ń pè. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá gé ìró yẹn wẹ́wẹ́, tó tún un tò, ó lè má bá ohun tí ibùdó ń retí mu mọ́. Àpótí pè, ibùdó kò gbọ́ ohun tó sọ. Àti pé bí iná bá lọ, ráútà kú, àpótí náà kò rí ẹni pè rárá, bó ti wù kí bọ́tìnnì náà mọ́lẹ̀ tó.

Kì í ṣe ìtàn àròsọ. Ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ìjì Arwen jà ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland, ilé wà tí kò rí iná fún ohun tó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, BT, iléeṣẹ́ fóònù ńlá kan níbẹ̀, dá kíkó àwọn onílé lọ sórí fóònù tuntun náà dúró fúngbà díẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, lẹ́yìn tí bọ́tìnnì àwọn kan kò ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n nílò rẹ̀, ìjọba mú kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù ńláńlá fọwọ́ sí àdéhùn pé àwọn kò ní fipá kó ẹnikẹ́ni lọ bí kò ṣe pé ó dájú pé ààbò rẹ̀ pé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú. Oṣù Kejìlá ọdún 2025 ló yẹ kó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Àwọn arúgbó tó ń fi bọ́tìnnì kọ́rùn wà lára ìdí pàtàkì tí a fi ní àkókò tí a ní lọ́wọ́ yìí.

Òfin Ofcom, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù níbẹ̀, ni pé ẹni tí kò ní ọ̀nà mìíràn láti pe 999, nọ́ńbà tí wọ́n ń pè nígbà pàjáwìrì, kí iléeṣẹ́ fún un ní ohun tí yóò lè fi pè fún ó kéré tán wákàtí kan bí iná bá lọ. Lójú mi, wákàtí kan kò tó. Ìjì tó lọ́ òpó wó kì í ka wákàtí. Àdéhùn 2023 náà ní kí wọ́n máa wá ohun tó ju wákàtí kan lọ, mo sì rò pé ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú kò gbọ́dọ̀ dúró de òfin kó tó béèrè bátìrì fún ilé tí òun ń ṣọ́. Àwọn tiwa pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Àwọn ló ń wọ ilé náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Wọ́n á rí ráútà tuntun lórí tábìlì kí ọmọ oníbàárà tó wà ní ìlú mìíràn tó gbọ́.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù àti ọ́fíìsì, ohun tí mo máa ṣe ni pé màá dìde, màá sì rìn yí ilé náà ká pẹ̀lú bíìlì fóònù lọ́wọ́. Nọ́ńbà mélòó ni mo ń san owó lé lórí? Èwo ni ẹnikẹ́ni kò pè rí? Nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò pè yẹn ló léwu jù, nítorí pé ó lè jẹ́ òun ni àlámù olè ń lò láti pe ibi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ọ. Ó lè jẹ́ ti àlámù iná. Ó lè jẹ́ ti lífìtì, fóònù pupa kékeré tí ẹni tó bá há sínú rẹ̀ máa fi pè síta. Ẹ̀rọ POS àtijọ́ wà tó ń gba orí wáyà yẹn kọjá, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ fáàsì àti ìlẹ̀kùn tí wọ́n ń ṣí fún àlejò láti òkè. Bí ẹ bá fagi lé nọ́ńbà náà nítorí pé "a kì í lò ó", àlámù kò ní pariwo pé òun ti dákẹ́. Ọjọ́ tí olè bá wọlé ni ẹ máa mọ̀.

Ẹni tó bá wá tún àlámù ṣe lè ní òun máa fi SIM sí i. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ bi í bóyá SIM náà ń lo 4G. Àwọn iléeṣẹ́ fóònù ọwọ́ ti gbà pẹ̀lú ìjọba pé 2G náà kò ní kọjá ọdún 2033 ní Bírítéènì, àwọn iléeṣẹ́ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa 3G tiwọn. Ẹni tó fi àpótí 2G rọ́pò wáyà bàbà kàn ń sún wàhálà síwájú ni.

Ohun kan wà tó ń dun àwọn oníṣòwò jù, ó sì rọrùn láti yẹra fún: ẹ má ṣe fagi lé wáyà àtijọ́ kí nọ́ńbà tó kó lọ sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tuntun. Iléeṣẹ́ tuntun ló máa béèrè nọ́ńbà náà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ àtijọ́, ìyẹn sì gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ nígbà tí nọ́ńbà ṣì wà láàyè. Bí ẹ bá kọ́kọ́ pè láti fagi lé e, nọ́ńbà tí àwọn oníbàárà ti mọ̀ láti ọdún 15 sẹ́yìn lè lọ pátápátá. Pẹ̀lú orúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì tó wà lórí bíìlì àtijọ́ gan-an ni kí ẹ fi béèrè. Lẹ́tà kan tó yàtọ̀ lè fa ìdádúró. Bí nọ́ńbà bá sì ti dé, ẹ rí i pé àdírẹ́ẹ̀sì tó wà nídìí rẹ̀ fún 999 tọ̀nà. Wáyà àtijọ́ kò lè kúrò nílé, nítorí náà àwọn ọlọ́pàá mọ ibi tó wà. Fóònù cloud lè tẹ̀ lé yín lọ sí Leeds, kí àwọn panápaná sì máa lọ sí Peckham.

Ní ti iná, bátìrì UPS kékeré kan tó ń ṣọ́ ráútà àti àpótí fáíbà (wáyà tuntun tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé íntánẹ́ẹ̀tì) kò wọ́n, àwa sì ni ó yẹ ká kọ́ àwọn ará ibẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ẹ fi SIM kan sí ráútà tó lè gbà á, kí íntánẹ́ẹ̀tì lè gba ọ̀nà kejì bí èkíní bá já. Ọ̀rọ̀ kan tó ń dàrú mọ́ àwọn ènìyàn lójú nìyí: ní ibi tí fáíbà kò tíì dé, wáyà bàbà kan náà lè ṣì wà lára ògiri lẹ́yìn 2027, tí yóò máa gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọlé. Ẹ má wò ó kí ẹ rò pé kò sí ohun tó yí padà. Iná 50 volt tó ń gbé fóònù dúró ti kúrò nínú rẹ̀.

Àwọn ọlọ́ṣà náà ti gbọ́ ìròyìn yìí. Wọ́n ń pe àwọn àgbàlagbà pé "fóònù yín máa kú lọ́la, ẹ fún wa ní nọ́ńbà báńkì". Pípààrọ̀ yìí kò béèrè nọ́ńbà báńkì lójijì lórí fóònù, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ń pa fóònù ẹnikẹ́ni lọ́la láìfi lẹ́tà ṣáájú. Lórí fóònù cloud fúnra rẹ̀, jìbìtì tó wọ́pọ̀ ni pé olè á mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé tó rọrùn, á sì fi alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ títí di òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé pe nọ́ńbà olówó gọbọi ní ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ ní kí wọ́n ti ìpè sí orílẹ̀-èdè tí ẹ kì í pè pa, kí wọ́n sì fi ìwọ̀n sí owó tí ìpè lè jẹ lóòjọ́.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti parí, tí ẹni tó wá ṣe é sì ti lọ, ẹ dúró di alẹ́ kan tí ṣọ́ọ̀bù ti pa. Ẹ pa iná gbogbo ilé náà láti ìdí rẹ̀. Ẹ wo ohun tó ṣì ń sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn: ṣé fóònù lè pe síta, ṣé àlámù ṣì ń bá ibùdó rẹ̀ sọ̀rọ̀, ṣé ẹnì kan máa dáhùn láti inú lífìtì. Bó bá sì jẹ́ pé iṣẹ́ ìtọ́jú ni ẹ ń ṣe, ẹ kọ́kọ́ pe ibùdó náà pé ẹ fẹ́ dán an wò. Lẹ́yìn náà, kí ẹ ní kí Màmá tẹ bọ́tìnnì ọrùn wọn, kí ẹ sì jókòó tì wọ́n títí ohùn ènìyàn yóò fi dáhùn.